Ọwọ́ Netta

Àwọn tó ta ilé náà fún Lachie kò purọ́ fún un.
Wọ́n ní fèrèsé rẹ̀ ga, ògiri rẹ̀ nípọn,
wọ́n ní ibẹ̀ ni yóò ti máa wo odò Tay
bó ṣe ń tẹ́ rẹrẹ lọ bá òkun.
Wọn kò sọ fún un pé ibi tó gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú sí
ni ìyá ìyá rẹ̀ dúró sí fún ọdún mọ́kànlélógún,
nídìí òfì méjì tí kì í sinmi.

Netta Cuthill dé lọ́jọ́ Sátidé,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Ó kọ ẹ̀rọ agbéniròkè, ó ní àtẹ̀gùn lòun mọ̀,
ó di irin rẹ̀ mú bí ẹni bọ ojúlùmọ̀ lọ́wọ́.
Ó wọlé, ó pariwo:
"ILÉ YÌÍ MÀ DÁKẸ́ O!"
Ife gbọ̀n lórí tábìlì.
Etí rẹ̀ ti bá òfì lọ láti ìgbà ọmọge,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún ohùn rẹ̀
pé òfì ti dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé:
ní Dundee, ẹni tó bá ní "ẹ"
kò bọ̀wọ̀ fún ẹnì kankan,
ara rẹ̀ ló ń dá pè.
"Ẹ hun àpò," ni Netta wí. Èmi ló fẹ́ pè.
"Ẹ hun àpò ọ̀dùnkún, àpò kọfí, ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì,
wọ́n dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé."

Láti Bengal ni fọ́nrán náà ti ń wá, á gbẹ bí irun àgbàdo.
Láyé àwọn ìyá-ńlá rẹ̀, òróró àbùùbùtán ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́,
ọkọ̀ ń ti èbúté ìsàlẹ̀ yẹn wọ inú yìnyín lọ dọdẹ.
À ń bù ú, kò tán: bí a ṣe sọ ẹja náà lórúkọ nìyẹn.
Ará Dundee kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.
Wọ́n bù ú.
Ó kù díẹ̀ kó tán.

Obìnrin ni ilé iṣẹ́ ń gbà, torí owó wọn kò pọ̀.
Ọkọ wọn ń bẹ nílé, aráyé ń pè wọ́n ní A-gbé-kẹ́tù-kaná.
Wullie tirẹ̀ mọ ọmọ wẹ̀ ju bó ṣe mọ owó kà.
Ọjọ́ tó kú, Netta kò mọ ibi tí ṣúgà wà.

Nínú ariwo yẹn, kí lẹnu fẹ́ ṣe?
Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.
Ìka lórí ìgúnpá: ó kù díẹ̀ ká jẹun.
Ìka méjì lábẹ́ àgbọ̀n: ọ̀gá ń bọ̀.
Láti òfì kẹjọ ni Jessie Mudie ti fọwọ́ sọ
pé òun ti lóyún;
Netta gbọ́ ọ kí ọkọ Jessie tó gbọ́.

Lachie ní òfì kan ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù,
wọ́n ń tan án fún àlejò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.
"Ẹ ti lọ wò ó," ni Netta wí. "Kò rùn."
Ó yíjú sí fèrèsé.
Ṣímínì gíga náà ṣì nàró, kò sí èéfín lẹ́nu rẹ̀.
Nínú odò, kùkùté afárá àtijọ́ yọrí,
èyí tó wó tòun ti ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ ìjì.
Rélùwéè òní kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
láìbojú wẹ̀yìn.

Kẹ́tù súfèé. Netta kò gbọ́.
Lachie dìde, ó da tíì, ó fi ṣúgà méjì sí i.
"Wullie gan-an nìyí," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn:
olùtọ́jú ilé, pẹ̀lú kóòtù àti ìwé owó omi.
Netta rí bàtà dídán rẹ̀.
Ìka méjì, wéré, lábẹ́ àgbọ̀n.

Lachie, tí kò hun nǹkan kan rí láyé rẹ̀,
na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán.